Ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe àgbà ní Àníkẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ orúkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ àmútọ̀runwá, kì í sì í ṣe orúkọ àbíkú tí a ti sọ̀rọ̀ lé lórí títí tí ó fi sú ni. Orúkọ ìkẹ́ ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò, pàápàá jù lọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn àgbàlagbà nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ rí bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pè é. Àwọn òyìnbó ní tiwọn: ‘darling’, ‘sweetheart’, ‘my love’. Àwa náà ní tiwa, tiwa sì ní òfin. Òfin yìí ti wà nínú ìwé láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó jọ pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni Àlùfáà Samuel Johnson, òpìtàn àwọn Yorùbá. Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1846, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn àti ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901. Ìwé àfọwọ́kọ tí ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun sọnù, àbúrò rẹ̀ tí í ṣe oníṣègùn, Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú ohun tí ó ṣẹ́kù, ó sì jáde ní 1921. Nínú orí tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa orúkọ, ó pín orúkọ Yorùbá sí mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Nígbà tí ó dé orí oríkì ni ó sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: pé àgbà ni í fi oríkì pe ọmọdé, pàápàá nígbà tí ó bá fẹ́ fi ìfẹ́ hàn sí i, àti pé àfojúdi ni kí ọmọdé fi oríkì pe ẹni tí ó jù ú lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i pé oríkì tí Johnson ń sọ níhìn-ín kì í ṣe oríkì gígùn tí a fi ń ki ìdílé àti orílẹ̀, bí ti Oníkòyí tàbí ti Olówu. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni, tí a ń fún ọmọ pẹ̀lú orúkọ àbísọ rẹ̀. Ti ọkùnrin ni Àjàní, Àjàmú, Àjàgbé, Àkànní, Àkàndé, Àlàó, Àlàbí, Àyìndé, Àyìnlá. Ti obìnrin ni Àníkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àjíkẹ́, Àdùkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àbẹ̀ní, Àyọ̀ká. Johnson ti rí i pé ohun akin ni ti ọkùnrin máa ń sọ, ohun ìkẹ́ àti ìyìn sì ni ti obìnrin. Àjàní ni ẹni tí a jà kí a tó ní. Àníkẹ́ ni ẹni tí a ní láti máa kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí kẹ́, Àṣàkẹ́ ni ẹni tí a ṣà lọ́tọ̀ láti kẹ́, Àdùkẹ́ sì ni ẹni tí gbogbo ènìyàn ń du láti kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Onímọ̀ gírámà yóò sọ fún yín pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ‘à’ tí ó wà níwájú orúkọ wọ̀nyí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá máa ń gbọ́ ‘a’ tí í ṣe ‘àwa’ nínú rẹ̀: àwa tí a bí ọ, àwa tí a bẹ Ọlọ́run kí a tó rí ọ, àwa tí a ń kẹ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pè ọ́ ní Àníkẹ́ ti ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó kẹ́ ọ. Ẹni tí kò fi ọwọ́ kan ọ́ rí nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí kò mọ ìyá rẹ, tí ó wá dé lójijì tí ó ní ‘Àníkẹ́, báwo ni?’, ó ti jókòó sórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀. Lójú mi, èyí ni ìdí tí Johnson fi pè é ní àfojúdi. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó dùn ún gbọ́. Ẹnu tí ó ti jáde ni kò bá a mu.

Òwúrọ̀ ni oríkì máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ láti kí ìyá àgbà, ìyá àgbà yóò gbé ohùn sókè, yóò pe oríkì ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì so oríkì orílẹ̀ mọ́ ọn. Orí ọmọ á wú. Ọmọ tí ó ń sunkún á dákẹ́. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ á dìde. Johnson sọ pé oríkì gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kan kò fi mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an, nítorí pé oríkì nìkan ni etí wọn ń gbọ́ nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní jẹ́ ọmọdé títí. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, iye àwọn tí ó lè pè é bẹ́ẹ̀ ń dín kù. Ọmọbìnrin tí í ṣe Àníkẹ́ nílé bàbá rẹ̀ yóò di ‘ìyàwó’ nílé ọkọ. Bí ó bá bímọ, yóò di Ìyá Bọ́lá. Bí Bọ́lá náà bá bímọ, yóò di ìyá àgbà. Ọkọ rẹ̀ lè máa pè é ní Àníkẹ́ nínú yàrá, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa pè é bẹ́ẹ̀ bí ó bá lọ kí wọn. Gbogbo àwọn tó kù, Ìyá Bọ́lá ni wọ́n mọ̀. A kì í sábà ka èyí sí nǹkan, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá pé 80 ọdún lè máà gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ènìyàn mọ́ rárá. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn tí ó ni ín ni wọ́n ti kú tán.

Ọ̀nà ìkẹ́ mìíràn wà tí òfin tirẹ̀ yàtọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ìyàwó tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Nítorí náà ni ìyàwó ṣe ń wá orúkọ fún wọn: ẹni dúdú á di Adúmáadán, ẹni tí eyín rẹ̀ gún á di Eyínafẹ́, ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ á di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tí ó ń lọ sí ilé ìwé á di Akọ̀wé. Ẹ rí i pé níhìn-ín, ẹni tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ ni ó ń fún ẹni tí ó ga ní orúkọ ìkẹ́, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní àfojúdi. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyàwó náà ń fi orúkọ yẹn sá fún orúkọ gidi. Ìtẹríba ni ó bí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ń jẹ́ Akọ̀wé títí di òní nílé wọn, tí ìyàwó tí ó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ti di olóògbé láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé inú arọ́pò-orúkọ nìkan ni ọ̀wọ̀ Yorùbá wà, pé ‘ẹ’ ni ó jẹ́ ọ̀wọ̀, tí ‘o’ jẹ́ àrífín. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ń ṣe é, òun náà sì ni ó wọ inú Yorùbá ìwé. Ṣùgbọ́n ará Oǹdó tàbí ará Ìjẹ̀bú tí ó ń fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lè lo ẹyọ dípò ọ̀pọ̀, bàbá rẹ̀ kò sì ní bínú. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ wọn títí. Mo rò pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé: kò sí àdúgbò Yorùbá kankan, ìbáà ṣe Oǹdó ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú, tí àjèjì ti lè dé kí ó máa fi orúkọ ìkẹ́ pe àgbà bí ó ṣe wù ú.

Àfi ẹnìkan. Onílù.

Onílù jẹ́ àjèjì ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Yóò dé òde ìnáwó, yóò fi ọgbọ́n bi aládùúgbò tàbí ọmọ ilé léèrè oríkì rẹ, kí o tó ṣẹ́jú ó ti ń fi gángan pè ọ́ ní Àníkẹ́ níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Inú rẹ á sì dùn, ìwọ á jó, wàá ná owó. Kí ló dé tí a fi gbà fún un? Ohun tí mo rí ni pé onílù kì í dá oríkì yẹn pè lásán. Ó máa ń so ó mọ́ orílẹ̀ rẹ, mọ́ bàbá rẹ, mọ́ ìlú tí o ti ṣẹ̀ wá. Ó ń pè ọ́ ní ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ẹni ńlá. Ó sì dúró ní ipò ẹni tí ó ń tọrọ, kò dúró ní ipò ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni. Ìyá tí ó bí ọ fúnra rẹ̀ ni ó ti gbà fún àwọn àyàn láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ.

Mo fi ojú ara mi rí ìyàtọ̀ yìí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, níbi ayẹyẹ 80 ọdún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìbàdàn. Tíṣà ni ìyá yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ẹni tí ó máa ń fi ẹ̀rín ṣòfò. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ oríkì rẹ̀ sára ìwé ètò ọjọ́ náà, lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi owó pè wá láti darí ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó wo ìwé, ó ní: ‘Àníkẹ́! Àníkẹ́ wa! Ẹ dìde kí ayé rí yín!’ Ojú ìyá dá gùdẹ̀. Ó dìde nítorí àlejò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn onílù wọlé, ohun kan náà ni ìlù wọn ń wí, ìyá sì jó títí tí a fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó. Ní alẹ́, nígbà tí a ń kó àga, ó sọ fún mi ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni ó pe òun ní Àníkẹ́ kẹ́yìn, pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n náà ti kú, òun ti fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún un. ‘Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé,’ ni ó wí.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé ti tẹ oríkì tipẹ́, wọn kò sì parọ́. Nígbà tí ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba dé, tí wọ́n ń béèrè orúkọ méjì lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, oríkì ọ̀pọ̀ ènìyàn di orúkọ ìdílé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ìdílé Àlàbí, Àlàó, Àjàní, Àkànní kárí ilẹ̀ Yorùbá. Olóyè Bísí Àkàndé, tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003, ń jẹ́ ohun tí ó jẹ́ oríkì ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń kà á sí àfojúdi láti pe orúkọ náà lórí rédíò. Àwọn olórin náà gbé tiwọn sí ìta: Àyìnlá Ọmọwúrà tí ó kú ní 1980, Síkírù Àyìndé Barrister tí ó kú ní 2010, Bàtílì Àlàkẹ́ olórin wákà. Ní ti àwọn wọ̀nyí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Oríkì tí ó ti di orúkọ ìdílé kì í ṣe orúkọ ìkẹ́ mọ́. Ó ti tutù. Ọmọ Àlàó lè jẹ́ obìnrin, ó sì lè ní oríkì tirẹ̀ nílé tí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba ipò oríkì lẹ́nu àjèjì ní ayé òde òní ni mọ́mì àti dádì. Akọ̀wé báǹkì, ẹni tí ó ń ta káàdì fóònù, nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ni ó ń pe àgbàlagbà ní mọ́mì. Wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ni, ọ̀wọ̀ náà sì ni lọ́nà kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń gbọ́ ọ. ‘Màmá’ àti ‘ìyá’ jẹ́ oyè. Gbogbo obìnrin tí ó dàgbà ni ó ní i, ọjà ni a ti ń kó o. ‘Mọ́mì’ jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé, ọmọ tí ó bá jáde láti inú rẹ ni ó ni ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan náà ti bi akọ̀wé kan léèrè rí pé ‘Ọdún wo ni mo bí ọ?’ Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Bí a bá kọjá òkun, ọ̀rọ̀ náà gba àwọ̀ tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ń pe ẹni tí ó jù wá lọ ní àǹtí, ọ̀wọ̀ pátápátá ni. Ní apá gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà jẹ́ ọ̀nà tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń dọ́gbọ́n yẹra fún ọ̀wọ̀. Wọn kò fẹ́ pe àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní ‘Mrs’ tàbí ‘Mr’, nítorí náà wọ́n sọ obìnrin di ‘Auntie’, wọ́n sọ ọkùnrin di ‘Uncle’, ní àsìkò ẹrú àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Láti 1889 ni ìyẹ̀fun Aunt Jemima ti gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sára páálí. Ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé àwọn yóò pa orúkọ náà tì, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2021. Ọ̀rọ̀ ìkẹ́ tí ó ń sọ ẹni di ìránṣẹ́ ni. Ní 1963, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Hamilton, ọ̀kan lára àwọn tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, dúró nínú kóòtù ní Gadsden, ní Alabama. Agbẹjọ́rò ìjọba pè é ní Mary lásán. Ó kọ̀, ó ní òun kò ní dáhùn àfi tí wọ́n bá pe òun ní Miss Hamilton. Adájọ́ dá a lẹ́wọ̀n ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú owó ìtanràn dọ́là 50. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì fagi lé ìdálẹ́bi náà ní ọdún 1964. Kì í ṣe àgbàlagbà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá àti ìyá àgbà gbogbo tí wọ́n ti pè ní ‘Auntie’ rí wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní Brazil, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú rí ọ̀nà mìíràn. Ìyálórìṣà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Salvador ní ọ̀rúndún ogún ni Maria Escolástica da Conceição Nazaré, tí wọ́n bí ní 1894, tí ó di olórí ilé òrìṣà Gantois ní 1922, tí ó sì kú ní 1986. Ìdílé tí ó ti orírun Abẹ́òkúta wá ni ó dá ilé náà sílẹ̀ ní 1849. Mãe Menininha ni gbogbo Brazil mọ̀ ọ́n sí. Menininha túmọ̀ sí ‘ọmọdébìnrin kékeré’. Orúkọ ìkẹ́ tí wọ́n fún un nígbà èwe rẹ̀ ni, ó sì gbé e títí ó fi lé ní 90 ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà níwájú: Mãe, ìyá. Àwọn akọrin àti àwọn olóṣèlú tí ó wá kí i, Mãe Menininha ni wọ́n ń wí. Bí ìgbà tí a bá ń pe ènìyàn ní Ìyá Àníkẹ́ ni, tí ìkẹ́ náà sì wà lábẹ́ ààbò oyè.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wádìí ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún àwọn arúgbó nínú ilé ìtọ́jú. Ní 1981, Linnda Caporael gbé ìwádìí jáde nípa bí àwọn olùtọ́jú ṣe ń bá àwọn àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà: nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò, tí ó ku ohùn nìkan, àwọn tí ó gbọ́ ọ kò lè fi ìyàtọ̀ sí i àti ohùn tí a fi ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Ní 2009, Kristine Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kansas ya fídíò àwọn arúgbó 20 tí wọ́n ní àrùn ìgbàgbé nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ wọ́n tàbí tí wọ́n ń wọṣọ fún wọn. Bí olùtọ́jú bá fi ohùn ọmọdé àti orúkọ ìkẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń kọ̀, wọ́n á ti ọwọ́ dànù, wọ́n á yí ojú kúrò, ju ìgbà tí ó bá bá wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà lọ. Ẹ rò ó wò: àwọn tí wọn kò rántí orúkọ ọmọ wọn mọ́, wọ́n ṣì mọ̀ pé wọ́n sọ àwọn di ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kàn wá gidigidi, nítorí àwọn ọmọ wa ni olùtọ́jú báyìí. Láti oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ìjọba Bìrìtìkó ṣí físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fún àwọn olùtọ́jú, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Yorùbá lọ ṣe iṣẹ́ náà. Oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun. Ọ̀rẹ́ mi kan wà lára àwọn tí ó lọ. Ó sọ fún mi pé ohun tí ó kọ́kọ́ dẹ́rù ba òun kì í ṣe òtútù. Wọ́n ní kí òun máa pe obìnrin ẹni 91 ọdún ní orúkọ àbísọ rẹ̀, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó ń pè é ní ‘Mama’. Ìyá òyìnbó náà wò ó, ó ní òun kò bí ọmọ kankan láyé òun, pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó yé pe òun bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ oyè lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi, ìkẹ́ tí kò tọ́ sí àjèjì ni ó jẹ́ létí ìyá yẹn, ó sì tún fi ọwọ́ kan ojú egbò. Wọ́n padà fẹnu kò sí ‘Miss’ pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀, èyí tí kò sí olùtọ́jú mìíràn tí ó ń pè é níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní inú ìyá náà dùn sí i púpọ̀, pé bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, ‘darling’ àti ‘my love’ ni ó ń gbọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ó pín wọn sí. Obìnrin tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń tún un yí padà lórí ibùsùn, ìyá ní kí ó máa pe òun bí ó ṣe wù ú: ‘Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń kẹ́ mi.’ Oníṣègùn ọ̀dọ́ tí ó ń dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, tí ó ń pè é ní ‘sweetheart’ kí ó tó yí padà láti bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí ó kan ara ìyá gan-an, ìyá kì í dá a lóhùn. Ó máa ń di ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń sùn.

Pátákó funfun kan wà lókè orí ibùsùn níbẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ ohun tí aláìsàn fẹ́ kí a máa pe òun sí. Ó ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì kan béèrè. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ orúkọ àbísọ rẹ̀, ìyá kọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ Ìyá Bọ́lá. Nọ́ọ̀sì náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò bára mu lẹ́nu rẹ̀, ìyá tíṣà sì tún un ṣe fún un títí ó fi gún.